Ìtàn Ìrìnàjò Sánmà: Ọ̀rọ̀ Àgbà Ni, Ọ̀rọ̀ Tiwa Sì Ni

Bí ènìyàn bá dúró ní Sekona wa yìí, lójú ọ̀nà tí ó ti Gbọ̀ngán gba Òdeòmu wá, tí ó sì ń lọ sí Ẹdẹ Màpó Arógun, bí ó bá sì rí ọ̀dọ́langba kan tí ó tẹjú mọ́ fóònù, tí ó ń wo bí ọkọ̀ àwọn akọni kan ti ń gba àárín ìràwọ̀ kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ tí àgbàlagbà kan yóò jágbe mọ́ ọmọ náà pé kí ó jáwọ́ nínú eré òṣì, kí ó lọ wá nǹkan gidi ṣe. Àgbàlagbà náà kò dá nìkan ní èrò yìí. Olùkọ́ ń wí bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, oníwàásù ń wí bẹ́ẹ̀ fún ìjọ rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, tí wọ́n mọ iyì ìwé Fágúnwà, tí wọ́n sì lè fi odidi ọjọ́ kan jiyàn lórí eré ìtàgé, bí a bá ti dárúkọ ìwé alàwòrán tàbí fíìmù ìrìnàjò sánmà létí wọn, imú ni wọ́n ń yín. Wọ́n ní ìtàn ọmọdé ni. Wọ́n ní ti òyìnbó ni. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé ẹni tí kò tíì rí ẹ̀kọ jẹ lórí ilẹ̀ kò ní ohun tí ó ń wá lọ sí òṣùpá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú ìtàn wọ̀nyí, mo ti wo èyí tí ó dára nínú wọn, mo sì ti wo èyí tí kò dára, ohun tí mo sì fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ ni pé èrò yìí kò tọ̀nà rárá, àti pé nínú gbogbo ẹ̀yà tí ń bẹ láyé, àwa ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí a kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò pe ìtàn náà ní ohun àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan ṣoṣo, kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní ọdún 1898 ni H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ The War of the Worlds jáde, ìwé tí a lè pè ní ìyá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ogun sánmà tí a ń kà tí a sì ń wò títí di òní. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá kan láti ayé tí à ń pè ní Mars já lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìròtẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n, kò sí ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí pé tiwọn ti ń gbó. Ohun ìjà tí wọ́n gbé lọ́wọ́ jẹ́ ìtànṣán iná tí ń jó ènìyàn láti òkèèrè, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yóò ti di eérú kí ó tó mọ ibi tí yóò dojú ìbọn kọ. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè ka ìwé yìí bí àlá burúkú tí yóò jí lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọmọ Yorùbá kò lè kà á bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́fà péré kí ìwé náà jáde, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀gágun Scott ṣe olórí wọn wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ọmọ Awùjalẹ̀, tí àwọn akọni Ìjẹ̀bú sì lọ pàdé wọn ní Ìmàgbọn, àwọn ọkùnrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ní ìbọn, tí ìgboyà kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì mọ igbó àti odò ilẹ̀ wọn bí ẹní mowó. Ẹ̀rọ ìbọn Maxim ni wọn kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rọ tí ń rọ ọta bí òjò, tí kì í dúró kí a tún ẹ̀tù kì í. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ìjẹ̀bú Òde fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kí ni Wells wí tí Ìmàgbọn kò ti wí? Òun fúnra rẹ̀ kò sì fi ohun tí ó ní lọ́kàn pamọ́, nítorí pé orí kìíní ìwé náà ni ó ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí bí àwọn aláwọ̀ funfun ti run àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania, tí ó sì bi wọ́n léèrè bóyá ẹnu wọn gbà á láti máa ráhùn bí ẹlòmíràn bá wá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú àwọn náà.

Ìparí ìwé náà tilẹ̀ tún wá kàn wá ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìbọn kọ́ ni ó ṣẹ́gun àwọn ará Mars. Kòkòrò àìsàn tí ojú lásán kò rí, tí ó ti mọ́ ọmọ aráyé lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni ó gbé wọn ṣánlẹ̀. Ta ni yóò ka ibẹ̀ nínú wa tí kò ní rántí ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ó ṣe odi fún etíkun wa fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí àwọn òyìnbó fi sọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ibojì aláwọ̀ funfun, títí wọ́n fi mọ ìlò kuiníìnì? Nínú ìwé Wells, kòkòrò ni ó borí. Ní tiwa, kuiníìnì ni ó borí, ìyẹn ni pé ìtàn tiwa burú ju èyí tí ó fi dẹ́rù ba àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Àwa ni ọkọ̀ àjèjì gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Àwa ni wọ́n yin àgbá lu ìlú wa ní Èkó ní 1851. Bí a bá wá ń sọ pé ìtàn tí ọkọ̀ àjèjì fi gúnlẹ̀, tí alágbára ohun ìjà fi pàdé aláìní, kò kàn wá, a dà bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì baba rẹ̀ lójú agbo tí ó ní òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Àwọn tí wọ́n ní eré ọmọdé ni, mo fẹ́ bi wọ́n: ọmọdé wo? Ìwé Wells yìí kan náà wà lára ohun tí ó kó sí ọmọ Amẹ́ríkà kan lórí, Robert Goddard, nígbà tí ó kà á bí ìwé ìròyìn ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìpín-ìpín. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1899, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gun igi ṣẹ́rì kan lẹ́yìn ilé láti gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ti kú, ó bojú wo pápá tí ó wà nísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ìbá ti dára tó bí ènìyàn bá lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbéra láti inú pápá náà títí dé Mars. Títí ó fi kú ni ó ń ṣe ìrántí ọjọ́ náà lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 1926, nínú oko kan ní Auburn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó rán rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ń lo epo olómi sókè. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ ni ó lò lókè, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 41 lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà náà ti fi í ṣe ẹlẹ́yà ṣáájú, tí ìwé ìròyìn New York Times sì kọ ọ́ ní 1920 pé ó jọ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lójoojúmọ́. Ọjọ́ 17 oṣù keje 1969, nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta ti wà lójú ọ̀nà òṣùpá, ni ìwé ìròyìn náà tó jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìṣe. Goddard ti kú láti 1945. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n àwọn tí kò wá ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n pe àgbà yìí ní wèrè, ọdún 49 ni wọ́n sì fi jẹ gbèsè rẹ̀.

Bí ti Amẹ́ríkà bá jìnnà jù, ẹ gbójú sókè ní Sekona níbí. Àwọn àwo tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lórí òrùlé, tí ẹni tí ó gbé wọn síbẹ̀ fara balẹ̀ dojú wọn kọ ọ̀gangan kan ní ìhà ìlà oòrùn, tí ó de ìdè wọn pinpin, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n máa yí kiri láti wá ẹ̀rọ tí ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkè? Arthur C. Clarke, tí ó di ọ̀kan nínú àgbà òǹkọ̀wé ìtàn sánmà, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní 1945, pé bí a bá gbé ẹ̀rọ kan sí ọ̀kánkán ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ní òkè tí ó tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ẹ̀rọ náà yóò máa bá ayé yí lọ́gbọọgba, yóò sì jọ bí ẹni pé ojú kan ni ó dúró sí, tí a ó fi lè máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Àgbàlagbà tí ó bá jókòó sábẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀, tí ó ń wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìtàn sánmà kò wúlò fún nǹkankan, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ orí òǹkọ̀wé ìtàn sánmà ni ó ń jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Ní ti ebi, n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tí ó bá ti rí ojú ebi kò ní fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ti wà nínú ọ̀rọ̀ sánmà láti ìgbà tí òmìnira wa kò tíì pé ọdún méjì, nígbà tí John Glenn yí ayé ká ní oṣù kejì 1962, tí ibùdó tí wọ́n kọ́ sí Kánò sì wà lára àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọjá lókè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 1963, Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa nígbà náà, jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi Kingsport ní èbúté Èkó, ó sì bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2, ìgbà àkọ́kọ́ tí olórí ìjọba méjì yóò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003 ni NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, láti máa ya àwòrán ilẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí omíyalé yóò gbà, tí ó mọ ibi tí igbó ti ń tán àti ibi tí ilẹ̀ oko ti ń ṣá, kì í ṣe ebi ni ó ń bá jà bí? Ní 2017, àwọn ará Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ fi sátẹ́láìtì kékeré tiwọn ránṣẹ́ sókè. Láti Sekona sí Ilé-Ifẹ̀ kò sì jìnnà. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbalasa òfúrufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1998. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ṣé ọmọ Sekona tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la ni a ó gba ìwé alàwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn wọ̀nyí bí mo ti fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbèjà wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní kí ni òyìnbó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì yangàn sí, ṣebí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fàiná, tí ó tẹ Ẹdẹ dó, ti ń ta ọfà iná kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Goddard. Mo bọ̀wọ̀ fún Tìmì, abẹ́ ojiji rẹ̀ sì ni gbogbo wa ní agbègbè Ẹdẹ ń gbé, ṣùgbọ́n ọfà iná Tìmì, ti Tìmì ni. Agbára tí ó wà lára akọni kan ni, kò sí bí ọmọ ilé ìwé ṣe lè jókòó kí ó fi ìṣirò kọ́ ọ. Ìtàn ìrìnàjò sánmà tí ó bá yè kooro máa ń gbé ènìyàn ka iwájú òfin tí kò gba ọfọ̀, tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí kò sì mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ ẹrú: bí atẹ́gùn inú ọkọ̀ bá tán, ó tán náà nìyẹn. Bákan náà ni mo ṣe ń wí fún àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ ìwé Fágúnwà di ìtàn sánmà: kí Fágúnwà máa jẹ́ Fágúnwà. Igbó rẹ̀ tóbi tó, kò nílò kí a sọ ọ́ di sánmà kí ó tó níyì.

Ohun tí a jogún lọ́dọ̀ Tìmì tí ó bá ìtàn sánmà mu jinlẹ̀ ju ọfà lọ. Aláàfin, tí àwọn kan ní Kòrí ni, tí àwọn mìíràn ní Ṣàngó ni, rán akọni kan lọ sí ẹnu ààlà láti máa ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń gbà lọ sí ọjà Apòmù, kí àwọn ajínigbé má baà máa kó wọn. Akọni náà débẹ̀, ó tẹ ìlú dó, ó lágbára, òkìkí rẹ̀ kàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọba tí ó rán an, títí tí wọ́n fi ní kí akọni mìíràn, Gbọ̀ọ́nkáà, lọ mú un wá. Dúró Ládiípọ̀ gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963 nínú Ọba Kò So. Ẹni tí a rán lọ sí ibi tí ohùn ọba kò dé, kí ni yóò fi agbára ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ta ni yóò sì bi í? Ìbéèrè yìí gan-an ni ó wà nídìí eré Star Trek láti ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1966 tí ó ti kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Òfin tí ó ga jù lọ fún àwọn balógun inú rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá dé ayé tí àwọn ará ibẹ̀ kò tíì ní irú ẹ̀rọ tiwọn, wọn kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀ràn wọn. Ẹ fi ojú ọmọ ẹni tí wọ́n fi ìwé àdéhùn gba ilẹ̀ rẹ̀ wo òfin náà, bí Ọba Dòsùmú ti fọwọ́ sí ìwé fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 1861, ẹ ó sì rí i pé nígbà tí balógun bá rú u nítorí àánú, tí ó bá sì tún rú u nítorí àǹfààní ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àgbà ìlú lè jókòó lé lórí ni.

N kò wí pé gbogbo wọn ni ó dára. Flash Gordon, tí Alex Raymond bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1934, dára lójú púpọ̀, ọwọ́ ẹni tí ó yà á kò sì láfiwé, ṣùgbọ́n ojú ará Éṣíà ni wọ́n fún ọba ìkà inú rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ayé náà sì ń dúró de ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan kí ó wá gbà wọ́n. Star Wars, láti 1977, ìtàn idà àti ọmọ ọba ni, tí a fi ìràwọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún; mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ inú rẹ̀ ń bú ramúramù níbi tí kò sí atẹ́gùn tí yóò gbé ariwo. Ẹ wo 2001: A Space Odyssey tí Stanley Kubrick ṣe ní 1968, ibi tí ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ ti dojú ikú kọ ọ̀kan nínú àwọn arìnrìnàjò lẹ́yìn òde ọkọ̀: ọkùnrin náà ń du ọ̀pá atẹ́gùn tí ó já mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lọ sínú òkùnkùn, a kò sì gbọ́ pín. Ẹni tí ó ṣe fíìmù yìí bọ̀wọ̀ fún òtítọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún òǹwòran.

Ìbọ̀wọ̀ fún òǹkàwé ni n kò rí nínú ohun tí wọ́n ṣe fún wa ní 1975. Ìwé alàwòrán kan tí ń jẹ́ Powerman ni, akọni aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n sì ṣe é fún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ ọ́ tí wọ́n sì ti yà á. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, tí wọ́n sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà, ni wọ́n ń yà á. A sọ fún wọn pé kí àwòrán ojú ewé má pọ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí orí ìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé àwọn tí yóò kà á kò mọ ìwé alàwòrán kà. Àwa tí baba wa ń so owó ẹyọ mọ́ okùn, tí wọ́n ń kọjú ọ̀kan sí èkejì tàbí kí wọ́n kẹ̀yìn wọn síra, tí ẹni tí a fi àrokò náà ránṣẹ́ sí, bí ó wà ní Ìjẹ̀bú, bí ó wà ní Ọ̀yọ́, yóò sì kà á láìṣì í, àwa ni wọ́n ní a kò ní mọ èyí tí ó ṣáájú nínú àwòrán mẹ́fà. Èrò tí ó bí nọ́ńbà wọnnì àti èrò tí ó ní ìtàn sánmà kò kàn wá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àwọn ọmọ wa ti ń dá wọn lóhùn. Tade Thompson, tí Lọ́ńdọ̀nù bí tí Nàìjíríà sì tọ́ dàgbà, gbé àwọn àjèjì láti inú sánmà sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ wa nínú Rosewater ní 2016, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Arthur C. Clarke sọ ní 2019. Roye Okupe gbé E.X.O. jáde ní ìwé alàwòrán ní 2015, ó sì tún ṣe Iyanu, tí ó fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe ibùgbé rẹ̀. Tolu Olowofoyeku àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kugali bá Disney ṣe Iwájú ní 2024, Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n sì yà síbẹ̀. John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ inú Star Wars ní 2015, nígbà tí ó sì rí i pé wọ́n polówó òun bí ẹni pàtàkì tí wọ́n sì wá tì òun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ọ́ gbangba ní 2020. Inú mi dùn sí gbogbo wọn. Ohun tí ń dùn mí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba gbogbo iṣẹ́ yìí, bí ẹni pé èdè tí ó gbé Igbó Olódùmarè Fágúnwà ró kò lè gbé ọkọ̀ kan dé Mars.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ní Sekona, ní Ẹdẹ, ní Òṣogbo àti níbi gbogbo, bí ẹ bá rí ìwé alàwòrán ìrìnàjò sánmà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí kà níbẹ̀, ẹ sọ ìtàn Ìmàgbọn fún un, kí ẹ sì fún un ní ìwé tí a kò tíì kọ nǹkan sí, pé kí ó kọ tirẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá, bí ọmọ náà bá kọ ọ́ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a tẹ̀ ẹ́ jáde.